Owó Orí Igbó ní Kánádà: Kí Ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ń Rí Tí Ottawa Kò Tètè Rí?

Láti Courtice níhìn-ín, ní ìlà-oòrùn Oshawa, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó orí igbó la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín, wọn kì í pe orúkọ ewé yìí lójú àlejò. Bí ẹ bá pè é níwájú Mọ́mì tàbí Dádì, wọ́n á ní kí ẹ gbá ẹnu yín mú. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá ṣe òfin kan ní ọdún 1966, nígbà ìjọba ológun, pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ẹni tó dàgbà sábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ "ṣọ́ọ̀bù igbó" kí ara rẹ̀ má bù máṣọ. N kò wá sọ fún yín pé kí ẹ mu igbó, n kò sì wá sọ pé kí ẹ má mu ún. Ìtàn ni mo wá sọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: kí ló mú kí ìjọba ìbílẹ̀, tó yẹ kó máa wá owó kiri, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí owó orí igbó tó bófin mu wálẹ̀? Ta ló máa ń kọ owó? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Courtice wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Clarington, Bowmanville sì ni àwọn káńsẹ́lọ̀ wa ti ń ṣe ìpàdé. Ẹ mọ orúkọ òpópónà tí gbọ̀ngàn ìjọba náà wà? Temperance Street ni. Nínú Bíbélì Yorùbá, ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n ń pe temperance. Ṣùgbọ́n ní Ontario ayé àtijọ́, ohun kan pàtó ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún: ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọtí ló ń ba ilé jẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba fòfin dè é. Ẹgbẹ́ ọ̀hún lágbára gan-an. Ní ọdún 1878, Ottawa ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Scott Act. Òfin náà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan lè dìbò láti mọ̀ bóyá wọ́n á gba ọtí títà láàyè lọ́dọ̀ wọn tàbí wọn kò ní gbà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a ó tún bá a pàdé.

Ní ọdún 1916, gbogbo Ontario wá fòfin de ọtí títà. Ọtí kò tán nílùú. Àwọn onífàyàwọ́ ló wá ń tà á, wọ́n ń gbé e kọjá adágún odò lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ibẹ̀ náà fòfin dè é, owó tó yẹ kó wọ àpò ìjọba sì ń wọ àpò wọn. Nígbà tó di 1927, Ontario yí ohùn padà. Ó dá LCBO sílẹ̀, ó ní kí ọtí padà wá, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù ìjọba. Ẹ̀kọ́ tí ìgbà yẹn kọ́ wọn ni pé bí o bá fẹ́ gba ọjà kan lọ́wọ́ onífàyàwọ́, o ní láti tà á níbi tí èèyàn lè dé, ní iye tí èèyàn lè san.

Igbó tọ ipa ọ̀nà kan náà, àfi pé tirẹ̀ pẹ́ jù. Ọdún 1923 ni Kánádà fi í sínú òfin oògùn olóró. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe ìlànà tó jẹ́ kí aláìsàn lè lò ó, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ontario ti dá ẹjọ́ fún ọkùnrin kan tí wárápá ń bá jà, pé òfin tó kà á léèwọ̀ fún un kò tọ̀nà. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n wá gbà á láàyè fún gbogbo àgbàlagbà.

Láàárín ìgbà tó fi jẹ́ èèwọ̀ yẹn, ta ló jìyà jù? Ní 2017, ìwé ìròyìn Toronto Star yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá Toronto láti 2003 sí 2013 wò. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tí kò ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kankan tẹ́lẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n fi ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ nítorí igbó díẹ̀ lápò. Àwọn ọmọ wa wà nínú wọn. Ẹlòmíì pàdánù iṣẹ́, ẹlòmíì kò lè sọdá ibodè Amẹ́ríkà mọ́. Nígbà tí igbó wá di òwò tó bófin mu, àwọn wo ló jókòó sórí àga ọ̀gá? Akwasi Owusu-Bempah ti Yunifásítì Toronto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní 2020. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n rí láàárín àwọn olórí ilé-iṣẹ́ igbó kò tó nǹkan rárá. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó orí yìí kan ilé wa, bí a kò tilẹ̀ ní ohun kan án ṣe pẹ̀lú ewé náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọ̀rọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe owó orí náà?

Ìjókòó kan wà ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, tí àwọn mínísítà ìṣúná àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ ti pàdé ní Ottawa. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Kánádà, tí wọ́n ń pè ní FCM, ti sọ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ni ọlọ́pàá, àwọn ni wọléwọlé, àwọn ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ aládùúgbò tí èéfín ń dà láàmú, nítorí náà kí wọ́n fún àwọn ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó orí igbó. Ẹ rí i pé níbẹ̀rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kò sọ pé kí owó orí wálẹ̀. Ìpín ni wọ́n ń béèrè.

Nígbà tí wọ́n máa pín in, ìpínlẹ̀ mú ìdá 75 nínú 100, Ottawa mú ìdá 25. Ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ìdá kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú òfin. Wọ́n kàn ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wo bí yóò ṣe ran àwọn ìlú rẹ̀ lọ́wọ́. Ontario ya mílíọ̀nù 40 dọ́là sọ́tọ̀ fún wọn láàárín ọdún méjì, ó sì ṣèlérí pé bí owó orí tó kan ìpínlẹ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́ bá kọjá mílíọ̀nù 100 dọ́là, òun yóò fún àwọn ìlú tó gba ṣọ́ọ̀bù láàyè ní ìdajì ohun tó bá lé.

Ẹ wá wo bí àsìkò ṣe bọ́ síra. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2018 ni igbó di ohun tó bófin mu. Ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ni ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé káàkiri Ontario. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, wọ́n ti gbé ìbéèrè kan ka iwájú wọn: ṣé ẹ fẹ́ ṣọ́ọ̀bù igbó ní ìlú yín ni, àbí ẹ kò fẹ́? Ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní 2019 ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn ìgbìmọ̀ Clarington náà ní láti jókòó sí òpópónà ìkóra-ẹni-níjàánu kí wọ́n ronú sí i. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 414 tí ìbéèrè náà kàn ní Ontario, 77 ló ní àwọn kò fẹ́. Ọmọ-ọmọ Scott Act ọdún 1878 nìyẹn. Mississauga wà lára àwọn tó kọ̀, ó sì di ọdún 2023 kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà.

Bí àwọn káńsẹ́lọ̀ ṣe ń jà lórí ibi tí ṣọ́ọ̀bù lè wà nìyẹn, tí nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí wọn kò ní agbára kankan lé lórí. Nǹkan náà ni iye owó.

Òfin owó orí yẹn sọ pé lórí gíráàmù igbó gbígbẹ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbìn ín yóò san dọ́là kan, tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tó tà á, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Lójú àwọn tó ṣe é, gíráàmù kan yóò máa jẹ́ bíi dọ́là mẹ́wàá. Ìdá mẹ́wàá nínú dọ́là mẹ́wàá sì ni dọ́là kan. Ó bára mu.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbin igbó ju èyí tí èèyàn lè rà lọ. Ọjà kún, iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí àgbẹ̀ bá ta gíráàmù kan ní dọ́là mẹ́rin, dọ́là kan ni yóò san síbẹ̀. Ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bó bá tà á ní dọ́là mẹ́ta, dọ́là kan náà ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Bó bá di àpò kan sí gíráàmù 28, dọ́là 28 ti jáde lápò rẹ̀ kó tó san owó iná, kó tó san owó òṣìṣẹ́. Ontario tún fi díẹ̀ tirẹ̀ lé e. Nígbà tí ọjà bá sì dé orí káńtà, HST ìdá 13 tún gorí gbogbo rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń rà á ń san owó orí lórí owó orí.

Owó orí yẹn kò mọ̀ pé iye ọjà ti wálẹ̀. Ìwọ̀n ló ń wò, kò wo iye.

Ilé-iṣẹ́ ńlá lè fara dà á fúngbà díẹ̀, torí owó àwọn tó dá owó lé e ló ń ná. Àgbẹ̀ kékeré kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jẹ ìjọba ní gbèsè owó orí yìí títí tí wọ́n fi sá lọ sábẹ́ ààbò ilé-ẹjọ́. Àwọn ńlá náà kò sì bọ́ nínú ìṣòro ọjà tó kún. Ẹ wo Smiths Falls, ìlú kékeré kan ní ọ̀nà Ottawa. Ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì Hershey ló ń bọ́ ìlú náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í pa ní nǹkan bí ọdún 2008, ìlú dákẹ́. Àwọn onígbó, tí orúkọ wọn wá di Canopy Growth, ra ilé náà, ìlú tún jí. Ní oṣù Kejì 2023, Canopy kéde pé àwọn yóò dá òṣìṣẹ́ 800 sílẹ̀, àwọn yóò sì kúrò nínú ilé náà. Hershey fúnra rẹ̀ ló tún padà wá rà á. Kì í ṣe owó orí nìkan ló fà á o. Canopy kọ́lé ju ohun tí ọjà lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ta ló kù nílẹ̀ nígbà tí eruku rọlẹ̀: olórí ìlú àti àwọn káńsẹ́lọ̀ Smiths Falls, pẹ̀lú àwọn aráàlú tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ti yàtọ̀ sí Ottawa. Lójú Ottawa, òwò tó kú jẹ́ nọ́ńbà kan nínú ìwé. Lójú káńsẹ́lọ̀, aládùúgbò ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sílé díẹ̀, torí irú owó orí yìí kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè nípa Àgbẹ̀kọ̀yà.

Ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1968, nígbà tí ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́, àgbẹ̀ kòkó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní abúlé Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Àjọ tó ń ra kòkó fún ìjọba ló ń dá iye lé e, kì í ṣe àgbẹ̀. Iye tí wọ́n ń san kéré. Síbẹ̀, owó orí tí wọ́n ń gbà jẹ́ iye kan náà fún àgbẹ̀ tó kórè rere àti àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ rà sóko. Wọ́n tún ń fi oríṣiríṣi owó mìíràn lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti akódà ló ń wá gbà á, wọ́n á ya wọ inú abúlé, wọ́n á dí ojú ọ̀nà, wọ́n á mú ẹni tí kò bá ní ìwé owó orí lọ́wọ́.

Àwọn àgbẹ̀ ní ṣílè ọgbọ̀n péré ni àwọn lè san. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ní oṣù Kọkànlá 1968, wọ́n rọ́ lọ sí Màpó. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò. Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Ní 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Láoyè. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá olórí wọn, Tàfá Adéoyè, sọ̀rọ̀ ni nǹkan tó rọ̀. Oṣù Kẹwàá 1969 ni wọ́n dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé àgbẹ̀ kò lè san owó yẹn? Ìjọba ìbílẹ̀ ni. Àwọn ló ń wọ abúlé. Wọ́n rí oko, wọ́n rí ilé, wọ́n rí ọmọ tí kò lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gba owó ni wọ́n yàn láti jẹ́, wọn kò jẹ́ ẹnu tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́dún náà, orí ọmọ wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gbogbo ọjà.

N kò sọ pé igbó àti kòkó dọ́gba, n kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni máa gbé àdá ní Bowmanville. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó orí tí kò bá wo iye ọjà máa ń pa ẹni kékeré lára ṣáájú, ẹni tó wà nítòsí ló sì máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ẹ padà sí Kánádà báyìí, ká rìn lọ sí ìlà-oòrùn lójú ọ̀nà 401 títí a ó fi dé Cornwall. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1990s, owó orí sìgá ga débi pé páálí tí wọ́n bá kó lọ sí Amẹ́ríkà láìsan owó orí máa ń padà wá sí Kánádà lórí omi lóru, fàyàwọ́. Cornwall wà létí odò níbẹ̀ gan-an. Ìbọn ń dún lórí omi. Olórí ìlú náà, Ron Martelle, ń pariwo pé kí Ottawa gba ìlú òun. Ní 1993, wọ́n halẹ̀ pé àwọn á pa á, títí tó fi ní láti lọ fara pamọ́. Ní oṣù Kejì 1994, ìjọba Jean Chrétien dín owó orí sìgá kù ní dọ́là márùn-ún lórí páálí igba sìgá, Ontario, Quebec àti ìpínlẹ̀ mẹ́ta mìíràn sì dín tiwọn kù pẹ̀lú rẹ̀. Fàyàwọ́ rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Àwọn oníṣègùn bínú. Wọ́n ní sìgá tó bá pọ́ọ́kú, ọmọdé ló máa kọ́kọ́ rà á. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé kí owó orí igbó wálẹ̀ dáhùn rẹ̀. Nígbà tó yá, díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba tún gbé owó orí sìgá sókè padà, bí wọ́n ṣe ń fún ìṣọ́ ibodè lágbára.

Tí a bá fẹ́ rí ìjọba ìbílẹ̀ tó ní agbára láti gé owó orí igbó fúnra rẹ̀, a ní láti sọdá sí California, torí ibẹ̀ ni òfin ti jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní owó orí tirẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2018 ni ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún gbogbo àgbàlagbà níbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún náà, kò tíì pé oṣù méjì, ni ìgbìmọ̀ ìlú Berkeley dìbò pé kí owó orí ìlú àwọn wálẹ̀ láti ìdá mẹ́wàá sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: bí owó orí ìlú, ti ìpínlẹ̀ àti ti ọjà bá gorí ara wọn, oníbàárà á gba ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sanwó orí rárá lọ.

Ní àríwá California, Humboldt County ń gba owó orí lórí ìwọ̀n ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi gbin igbó, láti dọ́là kan sí mẹ́ta lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Nígbà tí iye igbó já, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ń kó ẹrù wọn. Ní 2022, ìgbìmọ̀ Humboldt gé owó náà ní ìdá 85 nínú 100. Ìpínlẹ̀ California náà ní owó orí tirẹ̀ tó ń wo ìwọ̀n, ju dọ́là mẹ́sàn-án lọ lórí áúǹsì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2022 ni wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ rí bó ṣe tẹ̀léra: ìlú ló kọ́kọ́ rìn, lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ní Kánádà ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2024, ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé aṣòfin Ottawa dámọ̀ràn pé kí wọ́n yọ dọ́là kan yẹn kúrò, kí owó orí dúró lórí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tí Morris Rosenberg ṣe olórí wọn, tí wọ́n yẹ òfin igbó wò, ní kí ìjọba tún owó orí náà gbé yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlera aráàlú ni wọ́n fi ṣáájú. Ìwé ìṣúná 2024 jáde. Dọ́là kan náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Èrò tèmi nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn nísàlẹ̀. Owó orí gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá ní kí igbó má san owó orí rárá kò ro ti àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kí owó orí náà máa bá iye ọjà rìn, tàbí kó máa wo agbára tó wà nínú ewé náà, bí wọ́n ṣe ń wo agbára ọtí, kí èyí tó le jù san jù. Ní ti ọmọdé, ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ọjọ́ orí, torí ọmọ ọdún 19 sókè nìkan ni Ontario gbà láàyè. Ẹni tó ń tà á nínú mọ́tò kì í béèrè. Bí owó orí bá ti ṣọ́ọ̀bù tó ń béèrè yẹn pa, ta ló kù tí ọmọ yín máa bá pàdé?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, káńsẹ́lọ̀ Clarington ò lè yí owó orí Ottawa padà." Òótọ́ ni, kò lè yí i. Ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: káńsẹ́lọ̀ kan á gbé àbá wá sí ìpàdé, òmíràn á kín in lẹ́yìn, wọ́n á dìbò. Bó bá wọlé, akọ̀wé ìlú á fi ránṣẹ́ sí aṣòfin àpapọ̀, aṣòfin ìpínlẹ̀ àti AMO, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ontario. Ó tún lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ìlú mìíràn pé kí wọ́n bá àwọn fọwọ́ sí i. Ìlú kan nìkan kò lè mi Ottawa. Àádọ́ta ìlú lè mú kí wọ́n gbé orí sókè. Aráàlú lásán náà lè béèrè fún àyè láti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kò nílò lọ́yà fún un.

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lẹ́yìn ètò yìí. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tí àkọsílẹ̀ igbó díẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì ń dí lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé òfin kan wà láti oṣù Kẹjọ 2019 tó jẹ́ kó lè béèrè pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsan owó ìforúkọsílẹ̀. Ìkejì, ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yín. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń wá tọrọ ìbò. Nígbà tó bá kan ilẹ̀kùn, ẹ bi í léèrè bóyá ọwọ́ tó ń gba owó ni òun fẹ́ jẹ́, àbí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ fún àdúgbò. Ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kò rí ẹni bi nìyẹn ní 1968, ìdáhùn rẹ̀ sì wọ́n wọn gan-an.

Ẹ kọ èrò yín sílẹ̀, ní Yorùbá bí ó bá ṣeé ṣe, bí àmì orí rẹ̀ kò tilẹ̀ pé. A ó kà á. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.